Èmi Ni Mo Ní Kí Ọmọ Náà Tọrọ Àforíjì

Ẹ̀yin tó ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn. Títí di ẹnu àìpẹ́ yìí, mi ò sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, mi ò sọ ọ́ fún ọmọ. Bí mo bá kírun tán, màá jókòó sórí ẹní, màá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti tọrọ àforíjì, ọ̀rọ̀ náà á kọ̀ láti jáde. Mo mọ ìdí rẹ̀. Kì í ṣe Ọlọ́run nìkan ni mo ṣẹ̀.

Mò ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé àwọn àgbà ẹbí wa ti fún mi ní àsìkò títí di ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, pé kí n wá sọ lójú gbogbo wọn pé àṣìsọ ni mo sọ. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ọkùnrin kan tó bá ọmọdé ṣèṣekúṣe nínú ilé wa máa padà sí yàrá rẹ̀, àwọn ọmọdé sì wà nínú ilé náà. Bí mi ò bá sọ ọ́, wọ́n ní kí n má pe ara mi ní ọmọ ilé wọn mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Orúkọ tí mo máa pè níbí kì í ṣe orúkọ tí àwọn èèyàn náà ń jẹ́. Ìtìjú tèmi ni mo fẹ́ gbé síta.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí. Aránṣọ ni mí ní Àtìkòrí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé àti hìjáàbù àwọn ọmọ ilé kéwú ni mo ń rán jù. Ilé ìwé tí mọ́sáláṣí dá sílẹ̀ ni mo lọ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ Kùránì kà, ibẹ̀ náà ni mo ti mọ bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀. Mo ń dúpẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run lójoojúmọ́.

Ọkọ mi kú nígbà tí Bùṣírá, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ṣì kéré. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí mo máa pè ní Bọ̀dá Wàhábì, ló ní kí n padà sílé bàbá wa. Káfíńtà ni. Ó palẹ̀ yàrá kan mọ́ fún mi, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ títí dòní. Òun náà ni ládàánì mọ́sáláṣí àdúgbò wa. Ohùn rẹ̀ dùn. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé bí Wàhábì bá pe ìrun, ọ̀lẹ gan-an á dìde. Gbogbo àdúgbò fẹ́ràn rẹ̀. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn, nítorí òótọ́ ni, òun ló sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún mi.

Àbúrò mi obìnrin, Ràfátù, lọ́kọ sí Àbígí, lọ́hùn-ún ní Ògùn Wọ́tàsáìdì, níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ẹja. Nígbà tí Ṣíkírátù, àkọ́bí rẹ̀, pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, ó mú un wá bá mi kó lè kàwé, kó sì lè kéwú. Bí a ti ń ṣe nílé wa nìyẹn. Ọmọ àbúrò á wá gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, ọmọ ẹ̀gbọ́n á lọ gbé lọ́dọ̀ àbúrò. A máa ń béèrè bóyá ilé ìwé ibẹ̀ dára. A kì í béèrè ẹni tó tún ń gbé nínú ilé náà.

Ọmọ tó máa ń sọ̀rọ̀ ni Ṣíkírátù. Ọjọ́ kìíní tó gbọ́ ìró máṣíìnì mi, ó ní ó dún bí ọkọ̀ ojú omi bàbá òun, ó jókòó sórí àpótí, ó ní kí n wà á lọ sí Àbígí. Àwọn oníbàárà máa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kí wọ́n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Kó tó pé ọdún kan, ọ̀rọ̀ dín kù lẹ́nu ọmọ yẹn. Mo ní ó ti ń gbọ́n ni.

Lọ́jọ́ kan, mò ń rán sòkòtò ilé kéwú fún un. Ó dúró tì mí.

"Màmá Bùṣírá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi rọ́bà sí tèmi. Okùn ni kí ẹ fi sí i. Kí ẹ jẹ́ kó gùn."

"Okùn ti kí ni? Ṣé o ti fẹ́ di bàbá arúgbó ni?"

"Mo fẹ́ kó ṣòroó tú ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Obìnrin méjì tó wá gba aṣọ náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ọmọ Ràfátù yìí, ó máa ṣe lọ́yà." Mo fi okùn sí i bó ṣe wí. Mo tilẹ̀ rán ìdí okùn náà lẹ́ẹ̀mejì kó má bàa já. Ọmọ yẹn ti sọ fún mi lọ́jọ́ náà. Èmi ni mi ò gbọ́.

Lẹ́yìn èyí, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo gbàgbé àlùmọ́gàjí mi sílé, mo padà lọ mú un. Ìlẹ̀kùn Bọ̀dá wà ní títì. Bàtà Ṣíkírátù wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà tiẹ̀. Mo dúró. Mo fẹ́ kan ìlẹ̀kùn. Mo ní nínú ara mi pé, ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn, ládàánì nìyẹn, kí lò ń rò? Mo mú àlùmọ́gàjí, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jọ̀ọ́, ibi yìí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ló wà láàárín èmi àti ìlẹ̀kùn yẹn.

Ó tó oṣù kan lẹ́yìn náà kí ọmọ fúnra rẹ̀ tó wá bá mi. Ọ̀rọ̀ tó sọ kò pọ̀. Ó ní bí mo bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù, Bọ̀dá máa ń pe òun sí yàrá, á máa fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ. Ó ní Bọ̀dá kìlọ̀ fún òun pé bí òun bá sọ, wọ́n máa lé èmi àti òun jáde nínú ilé.

Mo gbá a létí. Ẹ dárí jì mí. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé, "Kí lo lọ ń wá nínú yàrá àgbà?"

Àmọ́ ara mi ò balẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Bàbá Alájì, àbúrò bàbá wa, tó jẹ́ olórí ẹbí. Ó ní kí gbogbo wa jókòó ní pálọ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì, kí a tilẹ̀kùn, kí ará ìta má gbọ́. A pé mẹ́fà níbẹ̀. Ọmọ náà dúró láàárín.

Bọ̀dá sunkún. Ó ní, "Èmi tí mò ń pe ìrun? Ẹ gbé Kùránì wá kí n búra." Bàbá Alájì ní ọ̀rọ̀ náà ò tó ohun tí à ń búra sí. Ó wá kọjú sí mi.

"Ìwọ tó o ń gbé nínú ilé yìí, ṣé o fojú ara rẹ rí nǹkan kan?"

Mo wo Bọ̀dá. Mo rántí yàrá tó fún mi. Mo rántí tábìlì mi. Mo ní, "Mi ò rí nǹkan kan, sà."

Irọ́ tí mo ń jẹ́wọ́ rẹ̀ fún yín nìyẹn. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wò ó.

Bàbá Alájì ní bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ó yẹ kí ọmọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àgbà tó bà lórúkọ jẹ́. Bí a ṣe máa ń parí ìjà nílé wa nìyẹn: ẹni tó kéré jù á kúnlẹ̀, àgbà á ṣàdúrà, ọ̀rọ̀ á tán. Ọmọ náà kò kúnlẹ̀. Ojú mi ló ń wò. Ó ń dúró dè mí kí n sọ nǹkan kan.

Èmi ni mo ní, "Kúnlẹ̀. Tọrọ àforíjì."

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́." Bọ̀dá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ṣàdúrà fún un pé kí Ọlọ́run fún un ní ẹnu òtítọ́. Gbogbo wa ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo mú un padà sí Àbígí. Mo sọ fún Ràfátù pé ojú ọmọ rẹ̀ ti là jù, pé irọ́ ń tẹnu rẹ̀ jáde bí omi, pé mi ò lè tọ́ ọ mọ́. Mi ò sọ irú irọ́ tó pa fún un. Mo ní bí ọmọ náà bá sọ ohunkóhun nípa ilé wa, kó má gbà á gbọ́. Ràfátù gbà mí gbọ́, nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí. Mo jókòó sínú mọ́tò tí mo bá padà, mo ṣí fèrèsé, mi ò bojú wẹ̀yìn.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ Bọ̀dá. Mi ò jẹ́ kí oníbàárà kankan fi ọmọbìnrin sílẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Bí ọmọ ayálégbé bá sún mọ́ yàrá rẹ̀, màá rán an níṣẹ́ lọ síbòmíràn. Mo ní mo ń tún un ṣe nìyẹn. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún ìyá kankan. Ta ló mọ ìgbà tí mo sùn lọ, ìgbà tí mo lọ sí ọjà? Ìbéèrè yẹn ni mo ń bá gbé.

Mo gbọ́ pé Ṣíkírátù wọ yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè. Kò jìnnà sí wa rárá, ọ̀kadà kan ló máa gbé e dé ilé mi. Kò wá rí. Bí mo bá ń kọjá ní Òrù tí mo rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bàá ọ̀nà, màá gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo ń bẹ̀rù pé ó lè wà láàárín wọn.

Ẹ wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run.

Lọ́dún yìí, Ìyá Àdínì wa kéde ní àsàlátù pé àwọn ọ̀dọ́ méjì kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú láti bá àwa ìyá sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe lè dáàbò bo ọmọ wa lọ́wọ́ àwọn tó ń bá ọmọdé ṣèṣekúṣe. Ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ìgunpá gbún mi. Ó ní, "Ìyá Onímáṣíìnì, má sùn lónìí o. Bí wàásù bá gùn, híhanrun rẹ là ń gbọ́." A rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì wọlé. Èyí àkọ́kọ́, mi ò mọ̀ ọ́n. Èkejì ni Ṣíkírátù.

Ojú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Ojú tó fi wò mí ní pálọ̀ ọjọ́ yẹn náà ni, ó kàn wà lójú àgbàlagbà obìnrin báyìí ni. Ó rí mi. Mo mọ̀ pé ó rí mi. Kò yẹsẹ̀. Ó kí gbogbo wa ní sàlámà, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ó bi wá pé, "Ẹ̀yin ìyá wa, bí ọmọ yín bá wá bá yín lónìí pé ẹnì kan ń fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ, kí lẹ máa kọ́kọ́ sọ? Ẹ jọ̀ọ́, òótọ́ ni kí ẹ sọ, ẹ má wá èyí tó máa dùn létí mi."

Ìyá kan dáhùn, "Màá ní, ‘Kí lo lọ ń wá níbẹ̀?’" Òmíràn ní, "Ìfọ́tí ló máa kọ́kọ́ gbọ́." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Mi ò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ń wo ẹní.

Ṣíkírátù kò bá wọn wí. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́. Ọ̀pọ̀ wa ló máa ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ló ń fà á." Ó wá kọ́ wa ní ohun tó yẹ ká sọ. Ó ní kí a sọ fún ọmọ pé, "Mo gbà ọ́ gbọ́. O ò jẹ̀bi. O ṣeun tí o sọ fún mi." Ó ní kí gbogbo wa sọ ọ́ jáde. A sọ ọ́ papọ̀.

Ó ní kí a kọ́ ọmọ ní orúkọ gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ bó ṣe ń jẹ́, kí ojú má tì wá, kí ọmọ lè rí ọ̀rọ̀ fi ṣàlàyé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ìyá kan ní, "Háà, orúkọ rẹ̀ gan-an?" Ó ní, "Orúkọ rẹ̀ gan-an, mà. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n." Ẹ̀rín tún sọ. Ó ní ọmọ lè kí àgbà dáadáa láì jókòó sórí itan àgbà, kí a má fipá mú un. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọmọ pé, "Má sọ fún ìyá rẹ," nǹkan náà gan-an ni kó wá sọ. Ó ní bí ọmọ wa bá ń gbé lọ́dọ̀ ẹbí, kí a máa lọ bẹ̀ ẹ́ wò, kí a mú un rìn lọ síta, kí a bi í léèrè ní òun nìkan, kí a sì wo bí ó ṣe ń dáhùn. Ó ní ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í sábàá jẹ́ àlejò. Ẹni tí a fọkàn tán ni, ẹni tó ń ṣe wá lóore.

Lẹ́yìn náà ló sọ ìtàn ara rẹ̀. Kò dárúkọ ìlú, kò dárúkọ èèyàn. Ó ní, "Èmi náà sọ ọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ẹni tí mo sọ ọ́ fún, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Òun ni mo yàn nínú gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kò kórìíra mi, ẹ̀rù ló bà á."

Subuhanalahi. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń gbọ́ wàásù nípa àánú, mo rò pé mo mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí mo sọ di òpùrọ́ ló dúró níwájú mi nínú mọ́sáláṣí mi, tó ń sọ òótọ́, tí kò sì fi òótọ́ náà lù mí. Ó lè nawọ́ sí mi. Gbogbo àsàlátù ì bá ti mọ̀ kó tó di pé wọ́n túká. Kò ṣe é.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí.

"Màmá Bùṣírá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara le?"

Mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún un. Orúnkún mi ti ń bọ̀ nílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìgunpá mi mú, ó rọra sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀. Bí àgbà bá kúnlẹ̀ fún mi lójú gbogbo èèyàn yìí, ó di dandan kí n sọ pé ó ti tán. Kò tíì tán, mà."

Mo sunkún. Mo bi í pé kí ni kí n wá ṣe. Mo rò pé ó máa ní kí n lọ bá ìyá òun, tàbí kí n lọ bú Bọ̀dá. Ohun tó bi mí ni pé, "Ọmọ kékeré mélòó ló wà nínú ilé yẹn báyìí?"

Mo kà á. Ayálégbé wa kan ní ọmọbìnrin méjì. Bùṣírá ọmọ mi sì fẹ́ mú Àlíyà, ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje, wá bá mi gbé nítorí pé wọ́n gbé iṣẹ́ Bùṣírá lọ síbi tó jìnnà. Mo ti gbà. Mo ti rán hìjáàbù sílẹ̀ dè é. Mo ní, "Mẹ́ta ló máa jẹ́."

Ó ní, "Ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyẹn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀."

Kò béèrè nǹkan kan fún ara rẹ̀.

Mo pe Bùṣírá lórí fóònù ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó wá ní, "Màámi, ní gbogbo ìgbà tí mo bá wálé fún họlidé láti ilé ìwé tí mò ń gbé, mo máa ń ti ìlẹ̀kùn mi. Ẹ ò bi mí rí pé kí ló dé tí mò ń tì í." Mo bi í bóyá Bọ̀dá ṣe é ní nǹkan kan. Ó ní rárá, ojú tí Bọ̀dá fi ń wo òun ni kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà yẹn. Ó rí ohun tí èmi ìyá rẹ̀ kọ̀ láti rí. Kò mú Àlíyà wá mọ́.

Mo lọ bá ìyá àwọn ọmọ méjì yẹn. Mo sọ fún un bí wọ́n ṣe kọ́ wa pé kí ó bi àwọn ọmọ, láì pariwo, láì dẹ́rù bà wọ́n. Èyí àgbà ní Bọ̀dá ti pe òun lẹ́ẹ̀mejì pé kí òun wá jẹ bisikíìtì nínú yàrá, pé òun kò lọ nítorí pé èmi máa ń rán òun níṣẹ́. Alihamudulilahi. Ìyá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ìyá, ṣé ẹ ti mọ̀ látọjọ́ yìí, tí ẹ kàn ń rán ọmọ mi níṣẹ́?"

Mo wọkọ̀ lọ sí Àbígí. Ràfátù wà nídìí ẹja tó ń yan. Mo dúró nínú èéfín, mo sọ ohun tí mo ṣe fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò gbójú sókè. Ó ń yí ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ní, "Ó sọ fún mi. Ọjọ́ tó o mú un dé gan-an ló sọ fún mi. Mo nà án. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ti kìlọ̀ fún mi." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò bú mi. Ì bá dùn mọ́ mi bó bá bú mi.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwa mẹ́ta, Ṣíkírátù, ìyá rẹ̀ àti èmi, lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Mo kọ ohun tí mo rí sílẹ̀: okùn sòkòtò, ìlẹ̀kùn tó wà ní títì, bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo kọ ọ́ pé mo purọ́ fún ẹbí. Mo fọwọ́ sí i. Àwọn ọlọ́pàá ti pe Bọ̀dá. Wọ́n ní kó má dé ilé wa títí wọn yóò fi ṣèwádìí tán. Ọ̀dọ̀ Bàbá Alájì ló wà.

Bàbá Alájì ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún báyìí, àmọ́ ohùn rẹ̀ ṣì le. Ó ránṣẹ́ pè mí.

"Ṣé wàá ti ládàánì mọ́lé ni? Ta ló máa wá pe ìrun?"

"Ẹlòmíràn máa pè é, sà."

"Ẹlòmíràn. O ti wá ń fún wa ní ládàánì báyìí." Ó mí kanlẹ̀. "Gbọ́ mi. Sọ pé o gbàgbé. Ìyá arúgbó ni ẹ́, ẹni ọgọ́ta ọdún lè gbàgbé nǹkan. Kò sẹ́ni tó máa bínú sí ọ."

"Mi ò gbàgbé, sà. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn."

Ó ní kí n lọ, ó ní lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ni gbogbo ẹbí máa jókòó, kí n wá dáhùn níwájú wọn. Nínú pálọ̀ kan náà ni.

Mo ti mọ ohun tí mo máa sọ. Màá sọ pé mo rí i, pé mo mọ̀, pé èmi ni mo purọ́, kì í ṣe ọmọ náà. Bí wọ́n bá ní kí n kó jáde, màá gbé máṣíìnì mi lọ sí ibi tí Ọlọ́run bá ní kí n wà. Ẹ má bi mí bóyá mo dá ara mi lójú. Ẹ̀rù ń bà mí. Bọ̀dá ni ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn fún mi nígbà tí mo di opó, ìyẹn kì í sì í ṣe irọ́. Méjèèjì ló jẹ́ òtítọ́, mo sì ní láti gbé méjèèjì wọ pálọ̀ yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí rèé. Láàárọ̀ àná, Ṣíkírátù fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó kọ ọ́ pé, "Mo gbọ́ nípa ìpàdé ọjọ́ Jímọ̀. Ṣé ẹ fẹ́ kí n wá jókòó tì yín?"

Mo kà á títí omijé fi dí mi lójú. Ọmọ tí mo fi sílẹ̀ ní òun nìkan láàárín àwọn èèyàn yẹn ló ní òun kò fẹ́ kí n wà ní èmi nìkan láàárín wọn. Kò tíì foríjì mí. Ó ti sọ fún mi pé kò tíì foríjì mí. Síbẹ̀ ó fẹ́ wá. Mi ò mọ irú ọkàn tí Ọlọ́run fi sínú ẹ̀dá kan báyìí. Mo kàn lè wolẹ̀ fún Ẹni tó dá a.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó lọ́gbọ́n jù mí lọ, ẹ̀yin tó ti kọ́ ọmọ, ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣe báyìí fún rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n jẹ́ kó wá ni, àbí kí n dá lọ? Bó bá wá, àwọn àgbà yẹn lè tún fi ọ̀rọ̀ gún un, wọ́n sì lè tún ní kó kúnlẹ̀. Bí mo bá ní kó má wá, ó lè dà bíi pé mo tún ń pa á lẹ́nu mọ́. Mo fẹ́ kó wà níbẹ̀ gan-an, nítorí ara mi á le bí mo bá rí i. Ìyẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú, pé nítorí ìbẹ̀rù tèmi ni mo ṣe fẹ́ ẹ.

Mi ò tíì dá a lóhùn. Ọjọ́rú lòní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè kọ̀wé.